Ojú Tí Ràímì Kọ́

Lọ́dún 1974, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Ràímì ará Ìgbòho ti ń gbé àpótí ẹja nínú yàrá yìnyín ilé iṣẹ́ kan létí ọ̀sà l'Ábíjáǹ. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó yá lọ́wọ́ tó o. Ní báyìí, ìka mẹ́rin ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àpótí ń já bọ́, wọ́n sì ti sọ fún un pé bí òmíràn bá já, kó máa lọ sílé. Ohun tó ń tọrọ kò ju pé kí wọ́n gbé e lọ síta, kó máa kẹ́rù sọ́kọ̀ nínú oòrùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bẹ ọ̀gá òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dọ̀bálẹ̀, tó sì ń wolẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Òyìnbó ní irọ́ ló ń pa.

"Ilẹ̀ lò ń wò," ni Daouda tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Lójú tiwọn, òpùrọ́ ni ẹni tí kì í wojú èèyàn. Dúró ṣánṣán, kó o tẹjú mọ́ ọn."

Ẹ̀kọ́ burúkú gbáà nìyẹn, àmọ́ kí ni kó ṣe? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi kọ́ ọ nílé wọn ní Attécoubé. Sàdíà ìyàwó rẹ̀ á jókòó bí ọ̀gá, Ràímì á ranjú mọ́ ọn. Bó bá ti wolẹ̀, Sàdíà á ní, "Ẹ tún un ṣe, bàbá Alimatou." Kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló ń bá a de bọ́tìnnì láràárọ̀, ó mọ ibi tọ́ràn dé.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Ràímì wọ ọ́fíìsì. Òyìnbó ti lọ, ọ̀gá tuntun ló bá níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun. Ràímì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ó rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Bonjour, patron."

Ó dúró ṣánṣán, ó tẹjú mọ́ bàbá náà, ó fi Faransé tó ti há sórí rojọ́ ìka rẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Bàbá náà wò ó títí. Ó fa ìwé ẹ̀bẹ̀ tí Ràímì mú wá sọ́dọ̀, ó kọ "non" sí i, ìyẹn rárá, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá fi Yorùbá sọ̀rọ̀.

"Olútóyè lorúkọ mi, ará Kétu. Wọ́n ní ọmọ wa ni ẹ́, mo sì ti fẹ́ ṣe é fún ẹ. Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa ranjú mọ́ ẹni tó lè bí bàbá ẹ?"

 Ràímì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, ó ń ṣàlàyé ti òyìnbó, ti Daouda, ti Sàdíà. "Ẹ foríjì mí, Bàbá."

"Ìgbà tó o gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi lo tó mọ̀ pé àgbà ni mí," ni Olútóyè wí. "Dìde. Iṣẹ́ ń dúró dè ẹ́."

Ó fẹ́ dìde. Ìka rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ti ara rẹ̀ sókè. Bàbá ti ń wo ìwé mìíràn, kò rí i.