Kànga Inú Àpò Ẹ̀pà

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2011 (mo tún kàlẹ́ńdà wò kí n tó kọ ọ́), òjò dá ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ní ìlú Chandannagar, ooru sì bo gbogbo ojú pópó. Mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ Haradhan ẹlẹ́pà ní ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bí mo ti ń jẹ ẹ́, mo rí i pé bébà tí wọ́n fi ṣe àpò rẹ̀ kì í ṣe ti ìwé ìròyìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ìtàn ẹ̀rù sì ni.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, mo sì ń po oògùn fún oníṣègùn kan. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń ka ìtàn ẹ̀rù, débi pé bí òkú bá yọjú ní ojú ìwé kejì, mo ti mọ ibi tí yóò gbà jáde ní ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Kànga kan wà ní abúlé kan, tí gbohùngbohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ohùn: ohun tí ẹnikẹ́ni bá máa sọ ní abúlé náà, kànga ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan gbọ́ ẹkún ara rẹ̀ láti inú kànga, ó ń pe ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bí ẹni ń pe òkú. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà wà láàyè, ó ń jẹun lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni bébà náà pin.

Mo bi Haradhan léèrè èyí tó kù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀pà ni mò ń tà, n ò ta òpin ìtàn,” ni ó wí. “Àgbàlagbà bíi tiyín, iwin lẹ tún ń wá kiri? Àṣé ìyàwó yín ò tíì dẹ́rù bà yín tó! Màmá Khiroda ló ń lẹ àpò fún mi. Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

A bá Khiroda ní ìloro ilé rẹ̀, opó kan tí yóò tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ń lẹ àpò. Nígbà tí ó rí bébà tí mo mú dání, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ta ló rán yín?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, màmá. Òpin rẹ̀ ni mò ń wá.”

“Ìwé ọkọ mi ni. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ò mọ̀wé.”

Mo fura. Ìwé ọdún mẹ́sàn-án a máa pọ́n. Èyí ṣì funfun. Òun náà ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó na ọwọ́ sí àárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpò, ó sì fa ẹyọ kan yọ láìwá a rárá.

Ẹ̀rù bà mí kí n má fà á ya. Ó pẹ́ tí mo ti ń tú irú àpò bẹ́ẹ̀ kà: mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi, gọ́ọ̀mù á yọ, lẹ́tà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kì í sì í parẹ́. Mo rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi kan tó wà níbẹ̀. Kí n tó rántí pé tàdáwà ni wọ́n fi kọ èyí, omi ti di búlúù.

“Yéè!” ni Khiroda ké. “Kí lẹ ṣe yẹn? Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi—” Ó pa ẹnu dé.

“Ẹ gbọ́ o,” ni Haradhan wí. “Ẹni tí ò mọ̀wé ló ń ṣọ̀fọ̀ ìwé!”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ẹlẹ́pà!” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó yíjú sí mi. “Mo fi ìtàn mi kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan rí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ ọkùnrin kan ni mo bá lórí ẹ̀. Látìgbà náà, ẹ̀pà ni mò ń fi tèmi dì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?”

Mo ní kí ó sọ òpin náà, kí n kọ ọ́ ní ojú rẹ̀, kí n sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ sí ìsàlẹ̀. Ó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Obìnrin náà lọ sétí kànga, ó sun ẹkún náà fúnra ẹ̀, kí ohùn náà lè rí olóhùn. Ó rò pé ó ti bọ́. Ọmọ ẹ̀ dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ní, ‘Màámi, kí ló ń pa yín lẹ́kún?’ Ó fẹ́ dáhùn. Ìgbà náà ló rántí pé kànga ò kọ́kọ́ bi òun ní ìbéèrè yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí alààyè kan lábúlé tí kànga kì í ṣáájú ohùn ẹ̀.”

Haradhan gbé ẹ̀pà tí ó ti fẹ́ jù sẹ́nu kalẹ̀. “Màmá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kànga ni mò ń gbà lọ sílé.”

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìyí: Khiroda Pramanik, tí ó ni ìtàn náà, Haradhan ẹlẹ́pà, àti èmi, Sudhamoy Nandi, tí mo kọ ọ́ bí ó ti pè é.