Ìbéèrè Tí Tarmo Bi Jarkko

Ọdún mẹ́jọ ni Tarmo Kuisma fi di Jarkko Hyttinen sínú, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni nílùú Oulu. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ná.

Ọgbọ̀n ọdún ni Tarmo ti ń kọ ètò tó ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà máa ránṣẹ́ síra wọn. Ó gbé e sí gbangba kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ohun kan ṣoṣo ló sì tọrọ: ẹ má yọ orúkọ mi. Ó wá kọ apá tuntun kan nílé, ó fi han Jarkko, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Jarkko yọ orúkọ Tarmo, ó ní òun lòun kọ ọ́, ó lé Tarmo lọ lẹ́nu iṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tí Tarmo gbé lọ sílé fi kọ ọ́ ni ẹ̀dà kan ṣoṣo wà, wọ́n sì ti gbà á padà. Tarmo ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, àtúnṣe sú Jarkko. Bí ètò gbangba bá ti yí padà báyìí, tirẹ̀ á dàrú. Ló bá fẹ́ kí wọ́n gba apá náà sínú iṣẹ́ gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun lòun kọ ọ́, kí ó sì dáhùn ìbéèrè olùtọ́jú, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó wọlé, níbi tí gbogbo akọ̀ètò ti ń ka létà. Ta sì ni olùtọ́jú? Tarmo ni! Ojú Jarkko mà le o. Ó fọwọ́ sí i.

Tarmo mu kọfí rẹ̀ tán, ó rọra kọ̀wé: “Jarkko, o ní kí ètò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlógójì níbí. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́tàdínlógójì?”

Jarkko fèsì: “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dán an wò. Òun ló dára jù.”

Tarmo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ fi márùn-ún síbẹ̀, ẹ fi ẹgbẹ̀rún síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan. Ìwọ̀n bàtà Aliisa ọmọ mi ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí n má baà gbàgbé, mo sì gbàgbé láti pa á rẹ́.”

Àwọn akọ̀ètò ìlú Tartu dán an wò, àwọn ti ìlú Brest dán an wò. Òótọ́ ni. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bi Jarkko pé: ta ló wá kọ ọ́?

Fóònù Tarmo dún, Jarkko ni.

“Tarmo, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, yọ létà yẹn kúrò.”

“Ọ̀rẹ́ ta ni? Létà tó bá ti jáde níbẹ̀ kì í padà, ìwọ náà mọ̀. Lọ kọ òótọ́ síbẹ̀.”

“Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!”

“Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.”

Kí agogo mẹ́rin tó lù, Jarkko ti kọ ọ́ síta: “Tarmo Kuisma ló kọ ọ́. Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ̀.” Tarmo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ojú kò tì í rárá. Fóònù tún dún.

“Mo ti ṣe é. Ṣé wàá gba iṣẹ́ mi wọlé báyìí?”

“Iṣẹ́ ta ni? Rárá o. Iṣẹ́ mi ni. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wọlé, nígbà tó bá wù mí.”