Ojú Tí Mo Kùn fún Jọláolúwa

Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi kun Jọláolúwa láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìkòròdú, iṣẹ́ ọ̀hún sì dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló jókòó síwájú mi; ìyá arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ló dìde. Èmi Morádéyọ̀, mékọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ mi, fíìmù yìí sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ orúkọ mi sí.

Fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Jọláolúwa ló ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, tó pa ara dà di arúgbó sáàárín àwọn ẹlẹ́ja láti mú apààyàn kan. Níparí, á ṣí wíìgì kúrò lórí, apààyàn á lanu sílẹ̀. Oyèdèjì tó ń darí wa fẹ́ràn wíìgì ṣíṣí yìí bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Èmi kórìíra ẹ̀. Nínú àwọn fíìmù àtijọ́, wọ́n á lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọkùnrin kan, ìyàwó ẹ̀ ò ní dá a mọ̀ mọ́. Ta ni wọ́n ń tàn? Ọwọ́ àti ọrùn ló máa ń tú àṣírí èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi kun tirẹ̀ dé ẹ̀yìn etí.

Oyèdèjì ní òun ò tíì gbà. Ó ní ká gbé e lọ sọ́jà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí Ìyá Fàlílátù, ẹ̀gbọ́n ìyá Jọláolúwa tó tọ́ ọ dàgbà, ti ń ta ẹja yíyan. Bí wọ́n bá dá a mọ̀, kí n kó àpótí mi, kí ẹlòmíì wá gba iṣẹ́. Inú bí mi, àmọ́ mo gbà.

Èmi àti Oyèdèjì fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀. Jọláolúwa ń fi ọ̀pá rìn, àwọn èèyàn ń yà fún un lọ́nà. Ó dúnàá-dúrà ẹja pẹ̀lú ohùn tó ti gbó. Ìyá Fàlílátù ò fura rárá, wọ́n tiẹ̀ fa bẹ́ǹṣì fún un. Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè.

Wọ́n wá mú ẹja tó dáa jù, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún màmá àgbà, orúnkún wọn sì ń lọ sílẹ̀. Jọláolúwa ò lè gbà kí wọ́n kúnlẹ̀ fún òun. Kí ti ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó kan ilẹ̀, orúnkún tirẹ̀ méjèèjì ti wà nínú omi ẹja, gbì.

Ìyá Fàlílátù wò ó títí.

"Jọláolúwa, kí lo fi ojú ẹ ṣe?"

Oyèdèjì yíjú sí mi, ó ní kí n lọ kó àpótí. Ọkàn mi ò gbà á. Mo sáré kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Fàlílátù, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lójú tàbí lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Mi ò rí nǹkan kan," wọ́n ní. "Ojú yẹn, ojú màmá àgbà ni. Orúnkún ẹ̀ ni mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀."

Oyèdèjì fa ìwé eré yọ, ó ya ojú ewé tó kẹ́yìn.

"A ò ṣí wíìgì mọ́," ó ní. "Ẹlẹ́ja á kúnlẹ̀, Jọláolúwa náà á kúnlẹ̀, apààyàn á sì rí i pé kì í ṣe arúgbó."

Inú mi dùn pé iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Oyèdèjì bẹ Ìyá Fàlílátù kí wọ́n wá ṣe é níwájú kámẹ́rà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún ọmọ tí àwọn wẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí mi.

"Kí ẹni tó kun èyí kun ẹlòmíì kó jọ mí."

Mo ṣí àpótí mi níbẹ̀, láàárín ọjà.