Wákàtí Kan Péré

"Wákàtí kan péré ni, àǹtí mi," ni àbúrò aránṣọ kan máa ń wí fún un lórí fóònù. "Kẹ́ ẹ tó jókòó tán, ẹ ti dé."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú aránṣọ náà. Àbúrò yìí kan náà, ìlú tí ìyá wọn wà lòun ń gbé. Afárá kan ló wà láàárín òun àti ìyá, ó sì ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ní àyè kì í yọ fún òun láti wá. Aránṣọ ló ń ti ìlú mìíràn wọ bàálù wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti wẹ egbò ẹsẹ̀ ìyá, kó fọṣọ, kó sì se oúnjẹ sílẹ̀. Àárẹ̀ ti wọ̀ ọ́ dé eegun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, apá ọ̀tún ló rán mọ́ òsì lára aṣọ oníbàárà. Ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ fún un: bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Ó ti bẹ ìyá kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò. Ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"Èmi tí mo nílé? Kí ló ṣòro nínú wákàtí kan? Ẹyẹ irin ló ń gbé ọ wá, o ò fẹsẹ̀ rìn."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí aránṣọ fẹ́ padà, ìyá mú ọ̀pá rẹ̀. Kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìsìn ín sọ́nà, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń mọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ẹyẹ náà.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

"Àbí o fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ ni? Pe takisí."

Takisí rìn títí kó tó dé pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n dúró lórí ìlà láti fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn, wọ́n wá jókòó sí gbọ̀ngàn ìta. Wọ́n kéde pé bàálù máa pẹ́. Oòrùn kan àtàrí, wọ́n tún kéde. Ìyá na ẹsẹ̀ sórí báàgì ọmọ rẹ̀. Àga ike náà le bí òkúta.

"Wákàtí kan náà ńkọ́?"

"Ti ojú sánmà nìyẹn, Màmá."

"Tó o bá wá bọ́ sílẹ̀?"

"Mọ́tò méjì kí n tó délé. Bí mo bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ ti yá."

Kó tó sọ ọ́ tán, oorun ti gbé e lórí ìjókòó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ìyá wò ó dáadáa. Ojú ọmọ náà ti jìn wọlé. Ewú ti yọ lẹ́bàá etí rẹ̀.

"Egbò ẹsẹ̀ mi ni mo tẹjú mọ́," ó wí fún ara rẹ̀, "n ò mọ̀ pé ọmọ mi ni mò ń lò gbó."

Ó jí i pé kó bá òun pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. A ó yà kó ẹrù mi, ilé rẹ ni mò ń bá ọ lọ."

"Ha, Màmá! Lónìí? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gba orí afárá. Á tó wákàtí kan kí n tó dé o!"

"Wákàtí kan péré?" ni ìyá wí. "Kó o tó jókòó tán, o ti dé."

Ó dé lóòótọ́, ó ń nu òógùn, kò lè wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ló bá yán.

"Lọ sùn," ni ìyá wí láti ojú fèrèsé mọ́tò.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàálù tó gbéra, wákàtí kan ló sì fi fò. Aránṣọ kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù ló fọwọ́ tọ́ ọ léjìká pé èrò ti bọ́ sílẹ̀ tán.