Opó Tí Kò Bá Tíọ́rì Mu

"Obìnrin yìí kò bá tíọ́rì mu. Yọ ọ́ kúrò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Suara ti iṣẹ́ ìwádìí Hameedah padà sí i lórí tábìlì. Tíọ́rì tó sọ ọkùnrin náà di gbajúmọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹbí ọkọ kì í jẹ́ kí opó sun ìta. Àwọn opó tí Hameedah bá sọ̀rọ̀ ní Agége sì sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àfi ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lé e jáde nílé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí àdúgbò Ọgbà; ibi tí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ń kó igi ìdáná sí lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn.

"Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí ẹ̀rí bá ta ko tíọ́rì, tíọ́rì la ó tún ṣe."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òótọ́ lo sọ. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Hameedah ti ṣèlérí fún obìnrin náà pé òun kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá lè finú han ọ̀gá rẹ̀, ta ni yóò finú hàn? "Sùlíyá ni, sà."

"Padà lọ bi í. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó nínú ìwádìí."

Inú Hameedah dùn. Irú ọ̀gá báyìí ṣọ̀wọ́n, ó ń wí lọ́kàn ara rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, wọ́n ní Sùlíyá ti kó padà sí Ọgbà. Ó bá a níbẹ̀ nínú yàrá kan, àwọn ọmọ ń jẹun lórí ẹní. Obìnrin náà kò wò ó lójú.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí ọkọ mi ń tọ́jú mi."

"Mà, ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí kọ́ nìyí."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ní kí n sọ ọ́ báyìí. Òun náà ló fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí. Ó ní o máa padà wá."

"Níbo ló ti mọ̀ mí?"

Sùlíyá wá gbójú sókè. "Àbí kì í ṣe òun ni ọ̀gá tó rán ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Hameedah wọra. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Orúkọ tí òun fi tó Ọ̀jọ̀gbọ́n létí ló sì fi wá obìnrin yìí rí.

"Jọ̀ọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," Sùlíyá ní. "Orí àwọn ọmọ mi ni mo fi bẹ̀ ọ́. Bí o bá kọ òmíràn, ìta la tún máa sùn."

Hameedah wo àwọn ọmọ náà títí. Ó kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ olùdánwò gba iṣẹ́ náà wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níṣojú wọn. "Ẹ ò rí i, ẹ̀rí ti gbè lẹ́yìn tíọ́rì."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Hameedah lọ kí Sùlíyá. Ayálégbé tuntun ló ṣílẹ̀kùn fún un. Níta lẹ́yìn géètì ló ti wá rí Sùlíyá, ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀.

Kò bínú. Ó kàn bi í jẹ́jẹ́ pé, "Hameedah, ṣé o kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, mà."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi lé wa?"