Ìwé Orin Apá Kẹfà

Ọdún mọ́kànlá ni Fáìzàh Àkànó fi kọ orin fún fíìmù Ìdílé Inú Ìràwọ̀, ìtàn àwọn ará Òṣogbo kan tí wọ́n kó lọ máa gbé nínú ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Apá márùn-ún ló ti jáde. Yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá rẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀ ló ti ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ohun tí fáyólìnì máa ta, ohun tí fèrè máa fọn, ibi tí ìlù ńlá máa ti bú jáde nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbéra.

Iléṣà ni wọ́n ti ń lu orin náà. Cornelius Béjidé, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀, ló kó ogójì olórin jọ, òun náà ló ń darí wọn. Ó tó bí Fáìzàh lọ́mọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Fáìzàh rí ìpolówó apá kẹfà lórí fóònù rẹ̀. “Orin láti ọwọ́ Cornelius Béjidé.” Orúkọ tirẹ̀ ò sí níbì kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ ojú ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tí wọ́n fi ń dánra wò. Ó pe Ọ̀ṣuntókun tó ni fíìmù.

“Bàbá Iléṣà ní àwọn tún un kọ ni,” Ọ̀ṣuntókun dáhùn. “Ẹ lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń lu orin ìsìnkú ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú. Béjidé ti yọ fèrè kúrò níbẹ̀ pátápátá.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Béjidé ò wẹ̀yìn. “Ta ló pè ọ́?”

“Orúkọ mi ni mo wá béèrè.”

“Orúkọ?” Ó ju ọ̀pá tó fi ń darí orin sílẹ̀. “Apá márùn-ún la ti lù fún ọ. Ṣé o rí orúkọ ẹnì kan nínú wa lópin fíìmù rí? Ọ̀ṣuntókun béèrè orúkọ wa lọ́wọ́ rẹ nígbà àkọ́kọ́. O ní a ti pọ̀ jù. Àbí o ò sọ bẹ́ẹ̀?”

Fáìzàh sọ ọ́. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé ẹnu.

“Ìyẹn lo ṣe wá jalè?”

Ẹ̀bùnọlá, tó ń ta fáyólìnì níwájú, fọwọ́ bo ẹnu.

“Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ?”

“Ìwọ ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé orin rẹ̀ kúrò níwájú àwọn olórin lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kó o!” Béjidé pariwo. “Kó gbogbo ẹ̀! Ká wo bí bébà ṣe máa dún!”

Ẹ̀bùnọlá fọwọ́ tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ ọ.” Fáìzàh fà á. Ìwé náà ya sí méjì. Ó kó apá tó bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́ àwọn ìwé yòókù, ó sì jáde.

Nígbà tí apá kẹfà máa jáde, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe orin rẹ̀. Fáìzàh lọ wò ó ní gbọ̀ngàn kan ní Igbóná. Níbi ìsìnkú ọ̀gá ọkọ̀, ibi tó yẹ kí èèyàn ti sunkún, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran bú sí. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí iná fi tàn.

Ẹ̀bùnọlá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn: “Ṣé inú yín ti wá dùn báyìí?”

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ọ̀ṣuntókun pè é pé kó wá kọ orin apá keje.

“Ta ló máa lù ú?”

“Kọ̀ǹpútà náà ni. Kì í bá èèyàn jà.”

Fáìzàh pa fóònù mọ́ ọn létí.