Ọ́kíìdì inú Yàrá Áyọ́ọ̀nù

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ aláṣọ, n kò sì tíì jó ju kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí àlejò bá bá mi nílé wọn, wọn a ní, "Àbúrò mi ni, ó ń ṣe iṣẹ́ kan nígboro," wọn a sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Iṣẹ́ kan. Bí ẹni pé mò ń jalè.

Nígbà tí ìyá wa kú, òdòdó ọ́kíìdì wọn nìkan ni àwa méjèèjì jọ fẹ́, la bá pín in sí méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò pè é ní àfòmọ́, torí orí igi ló ń gbé nínú igbó, kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ń fa omi ara igi mu. Èyí kàn tọrọ ìjókòó lára igi ni. Òjò àti ìrì ló ń bọ́ ọ, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn gan-an. Bó bá wá tanná, òdòdó funfun báláú ni, onírù tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju ìka mi lọ, òórùn rẹ̀ a sì máa ta sánsán nírọ̀lẹ́.

Mo fi okùn so tèmi mọ́ ègé pákó, mo gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá áyọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa, níbi tí oòrùn kò ti lè nà án. Ooru omi ń gòkè, fáànù ń fẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́. Láràárọ̀, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí mo ṣe ń kan aṣọ kí n lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó. Bó bá gbẹ, tó funfun bí eérú, mo rì í sínú omi òjò títí gbòǹgbò náà yóò fi di àwọ̀ ewé. Bó bá ṣì tutù, mo fi í sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbin tiwọn sínú ìkòkò dídán kan tí kò ní ihò nídìí, wọ́n di iyẹ̀pẹ̀ dúdú kún un dẹ́nu. Wọ́n ní ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà níta, ìhòòhò ló wà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: omi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, omi ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn oṣù méje, wọ́n gbé ìkòkò náà wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ibi tí wọn kò dé rí. Ewé mẹ́rin ti já, méjì tó kù ti rọ. Nígbà tí mo da iyẹ̀pẹ̀ nù, gbòǹgbò ti rà, ó ń rùn. Ẹyọ kan péré ló ṣì le.

"Bí eléyìí bá kú, èmi ni mo pa ohun tí màmá fi lé mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí.

"Ẹ mú tèmi."

"Tìẹ kọ́ ni mo fẹ́. Tèmi ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sílẹ̀ de ọjọ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo fi abẹ tí mo mú gbóná lórí iná gé èyí tó rà kúrò, mo so ìyókù mọ́ pákó, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ẹ má fún un lómi lónìí."

"Tó bá gbẹ ńkọ́?"

"Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ná. Ẹ mú ọwọ́ yín wá. Ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aago mélòó ni wọ́n ń bi mí ṣáá. Mo ní kí wọ́n bi gbòǹgbò. Wọ́n á jókòó sáàárín àpò aṣọ, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á máa bá wa ká aṣọ ìrọ̀rí láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Kíká náà burú débi pé èmi ni mò ń tún un ká tí wọ́n bá lọ tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, orí gbòǹgbò kan ṣoṣo náà yọ èéhù tútù kan tí kò ju orí ìṣáná lọ. Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún, a sì jọ ní ooru ló fà á.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ti ṣe tíṣà lábẹ́ wọn rí wá gba aṣọ rẹ̀. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbòǹgbò.

"Ọ̀gá, kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Mo tẹrí ba sórí ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń lọ lọ́wọ́, mo ń retí "iṣẹ́ kan" tí mo ti mọ̀.

"Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àbúrò mi nìyí. Iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù ló ń ṣe. Òun ni ọ̀gá mi."

N kò lè gbójú sókè. Ìgbà tí òórùn ìjóná gbòde ni mo tó rántí pé áyọ́ọ̀nù ṣì wà lórí kọ́là.